Karimot àti Ohùn Tó Sọnù Nínú Síídì

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Karimot.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Kétu, lójú ọ̀nà Ìkòsì, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan. Èmi ń tún aago ṣe ní ìsọ̀ kejì. Pákó ló là wá láàárín. Ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́ láti ẹ̀yìn pákó, àti ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi, òun ni mo kọ síbí. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí ènìyàn bá ṣe ìyàwó, tàbí tó sọ ọmọ lórúkọ, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ka Kùránì tán, oníkámẹ́rà á wá ya fídíò. Fídíò yẹn á wà nínú téèpù kékeré tó ń gbé inú kámẹ́rà. Kò sẹ́ni tó lè wo ìyẹn nílé. Karimot ló máa kó o sínú káńpútà, tó máa yí i padà, tó máa tẹ̀ ẹ́ sórí síídì tí ènìyàn lè kì bọ pléèyà kó sì jókòó wò. Ó dà bí iṣẹ́ kékeré. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Mo ti gbọ́ tó ń bú káńpútà náà bí ẹni ń bú orogún.

Iṣẹ́ títẹ̀wé fáwọn èèyàn ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí síídì gbòde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ èyí. Àwọn síídì tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi òwú so wọ́n sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Wọ́n ń yí nínú atẹ́gùn, wọ́n ń dán. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Mo bi í.

Ó ní, "Bàbá Aláago, kí n lè máa rí wọn ni. Kí orí mi má baà wú."

Ọdún 2006 ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Hùmúàní ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì le ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Salaudeen ọkọ rẹ̀ wà ní Kánò, ibẹ̀ ló ti ń ra àlùbọ́sà ránṣẹ́ sí i. Ọmọ wọn obìnrin, Labeebah, ka Kùránì tán, wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún un ní mọ́sáláṣí àdúgbò. Salaudeen kò lè wá. Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá. Ó wá ní kí wọ́n ya gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó ti pe àwọn ará mọ́sáláṣí tirẹ̀ ní Kánò sílé fún ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n wá gbọ́ bí ọmọ òun ṣe ń ké Kùránì. Ọkọ̀ Junaid ló máa gbé síídì náà lọ. Junaid ló máa ń kó àlùbọ́sà wọn wá. Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alaásárì, ló ń padà sí Kánò.

Sherifdeen oníkámẹ́rà ló ya fídíò náà. Karimot gba téèpù.

Ìyọnu àkọ́kọ́, àwòrán fọ́. Ojú àlùfáà fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n lẹ táìlì sí. Karimot wádìí rẹ̀. Ó rí i pé òun fẹ́ ki fídíò òde tó gùn sínú síídì kan ṣoṣo, bí ẹni tó fẹ́ ti àpò ìrẹsì sínú agolo. Ó pín in sí síídì méjì. Àwòrán mọ́. Ìyọnu kejì, ohùn ń ṣáájú ẹnu. Ọmọ náà ò tíì la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti dé. Ó tún wádìí. Ó rí i pé òun fi káńpútà sí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ka àwòrán, kámẹ́rà Sherifdeen ò sì kà á bẹ́ẹ̀. Ó yí i padà. Ẹnu àti ohùn bá ń rìn pọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé síídì fún Hùmúàní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń kọrin lọ sílé.

Ó di àárọ̀ Ọjọ́rú. Karimot ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀. Hùmúàní fò sílẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ó tó dúró.

"Karimot! Ohùn ọmọ mi dà?"

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Labeebah. Ohùn wo?"

"Má kí mi! Ibi tí wọ́n ti ń jẹun, mò ń gbọ́. Ibi tí àwọn ọmọdé ti ń jà lórí mínírà, mò ń gbọ́. Ibi tí ọmọ mi ti ń ké Kùránì, ó dákẹ́! Ẹnu rẹ̀ ń lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

"Mummy, bóyá ẹ ò yí TV yín sókè ni."

"Mo yí i sókè títí ó fi ń hó! Ṣé adití lo wá ń pè mí?"

Karimot ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó gba síídì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kì í bọ pléèyà ìsọ̀. Spíkà ńlá méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ohùn Labeebah jáde. Ó dùn, ó ròkè. Ẹni tó ń kọjá lọ dúró. Oníbúrẹ́dì sọ igbá kalẹ̀.

Karimot ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ tún wo àwòrán! Ẹ wo bó ṣe mọ́! Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ọwọ́ àlùfáà, ẹ lè kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan!"

Hùmúàní ń wo TV, ó yà á lẹ́nu. Ó wá sún mọ́ Karimot, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò gbọ́ kí obìnrin yẹn rẹ ohùn sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n pákó lásán ló là wá, mo gbọ́ ọ.

"Karimot, àwòrán kọ́ ni mo bẹ̀ ọ́ sí. Bàbá Labeebah ò ríran mọ́."

Karimot kọjú sí i.

"Láti ọdún tó kọjá. Ojú méjèèjì. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lọ́jà, kí wọ́n má baà máa rẹ́ òun jẹ lórí àlùbọ́sà. Òun ló fi álífù kọ́ ọmọ yẹn, lórí itan ara rẹ̀. Etí ló fẹ́ fi wà níbi wòlímọ̀. Bó bá kó àwọn èèyàn jọ lọ́jọ́ Jímọ̀, tí gbogbo wọn jókòó, tí síídì wá dákẹ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọmọ òun kà á?"

Nísinsìnyí gbogbo ọjà ló mọ̀, ni mo ṣe kọ ọ́.

Karimot yọ síídì. "Níbo ni TV yín wà?"

"Ìsọ̀ mi ní Mile 12."

"Ẹ jẹ́ ká lọ."

Àwọn méjèèjì gun ọ̀kadà kan náà. Ọlọ́kadà ń ráhùn, Hùmúàní ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún kó máa wa ọ̀kadà rẹ̀.

TV Hùmúàní kéré, orí àpótí ló gbé e lé láàárín àpò àlùbọ́sà. Wọ́n ki síídì bọ pléèyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni! Labeebah ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ohùn ò jáde. Kìkì nǹkan tín-ín-rín kan lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ kànga. Karimot sún un síwájú, ó dé ibi tí àwọn ọmọdé ti ń jà lórí mínírà. Ariwo gba ìsọ̀ kan. Ó dá a padà sí inú mọ́sáláṣí. Ó dákẹ́.

Ajarat tó ń ta àlùbọ́sà ní òdìkejì na ọrùn wọlé. "Iṣẹ́ ayé ni o! Wọ́n ti gbé ohùn ọmọ náà lọ!"

Karimot ní, "Ayé wo ló máa gbé ohùn Kùránì, tó máa wá fi ìjà mínírà sílẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Karimot ò rẹ́rìn-ín. Àágùn ti bò ó. Ó ní bóyá pléèyà ni. Ṣùkúrù, olórí àwọn tó ń ti ọmọlanke, lọ yá òmíràn wá. Bákan náà ló rí. Karimot pe Sherifdeen lórí fóònù.

"Sherifdeen, báwo lo ṣe gba ohùn inú mọ́sáláṣí?"

"Mo fa okùn láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn wọ inú kámẹ́rà ni. Okùn tí mo fọwọ́ ara mi jó òjé sí. Kò sóhun tó ṣe okùn mi o, Aunty!"

"Ìta ńkọ́?"

"Tìta, mi ò fa okùn. Kámẹ́rà ló fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ."

Karimot pa fóònù. Ibi tí okùn wà, ohùn ò sí. Ibi tí okùn ò sí, ohùn wà. Ó ń sọ ọ́ sẹ́nu bí ẹni ń kéwì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn TV. Okùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, yẹ́lò fún àwòrán, pupa àti funfun fún ohùn. Eruku bò wọ́n. Ó yọ funfun kí ó lè fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀.

Ohùn Labeebah bú jáde!

Gbogbo ìlà àlùbọ́sà pariwo. Àpò kan wó lulẹ̀, àlùbọ́sà ń yí kiri, kò sẹ́ni tó wò ó. Hùmúàní di orí mú. Ajarat ń ké "Àlùhámúdù!" láì tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Karimot ki funfun padà. Ohùn kú. Ó yọ pupa. Ohùn jí! Ó ki pupa padà. Ohùn kú. Ó tún un ṣe. Ó dìde, ó ń fò.

"Mo ti rí i! Mo ti rí i! Ìyá Labeebah, spíkà mélòó ló wà nínú TV yín?"

"Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

Karimot fọwọ́ wá a fúnra rẹ̀. "Ọ̀kan ni! Tèmi, méjì ni!"

Ṣùkúrù ní òun ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Karimot nawọ́ sí ọmọlanke tó wà níta.

"Ṣùkúrù, bí o bá ń ti ọmọlanke síwájú, tí ẹnì kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán tí òun náà ń tì í padà sọ́dọ̀ rẹ, tí agbára yín dọ́gba, ibo ló máa lọ?"

"Kò ní lọ ibì kankan. A óò kàn máa làágùn lásán."

"Ohun tó ń ṣe ohùn nìyẹn! Okùn Sherifdeen ti ohùn ọ̀tún síwájú, ó ti ohùn òsì sẹ́yìn. Nínú ìsọ̀ mi, kálukú ní spíkà tirẹ̀, wọn ò pàdé ara wọn. Níbí, spíkà kan ni. Wọ́n pàdé, wọ́n ń ti ara wọn, ohùn dúró. Bí mo bá lé ọ̀kan jáde, èkejì á ríbi lọ!"

Ó wọ Ṣùkúrù létí. Ó tiẹ̀ wọ èmi náà létí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Ṣùkúrù ní, "Ó ti parí náà. Ẹ pe àwọn ará Kánò, ẹ ní kí wọ́n yọ okùn kan."

Àwọn obìnrin ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Karimot ní, "Rárá o. Ta ló máa yọ ọ́? Bí…" Ó wo ojú Hùmúàní, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ò bá sí nílé ńkọ́? Síídì tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ kó tó lè fọhùn, iṣẹ́ tèmi kọ́ nìyẹn. Mo máa tún un ṣe."

Junaid wà lórí ọkọ̀, ó ń so tapólì mọ́ orí apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Ó ké sílẹ̀ pé, "Hajiya, bí ìrun Alaásárì bá ti tán, mo ti lọ o!"

Wọ́n ti kírun Àìlà ọ̀sán nígbà yẹn.

Karimot sáré wọ ìsọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ó ní èkejì já sọ́nà, òun ò dúró gbé e. Iná wà. Mo sọ ọ́ nítorí pé kì í sábà sí.

Ó jókòó sídìí káńpútà. Ó di orí mú. Bó bá ní kó tún gbogbo rẹ̀ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀, oòrùn á wọ̀ kó tó tán. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Lójijì ó gbá pákó tó là wá.

"Bàbá Aláago! Àwòrán ò ṣàìsàn!"

Mo ní, "Ta ló ṣàìsàn?"

"Ohùn nìkan ni! Kí ni mo tún fẹ́ máa yí àwòrán padà sí?"

Ó yọ ohùn kúrò lára àwòrán. Àwòrán kò kàn án mọ́. Ó ju ohùn apá òsì nù. Ó fi ohùn apá ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohùn kì í pẹ́ bí àwòrán. Ó dá a padà sára àwòrán, ó wo ẹnu ọmọ náà dáadáa, ó rí i pé wọ́n ṣì ń rìn pọ̀.

Ó wá wọlé sọ́dọ̀ mi, kò gbàṣẹ, ó gbé rédíò mi tó ní spíkà kan ṣoṣo. Ó so okùn pupa àti okùn funfun pọ̀, ó ki wọ́n bọ̀ ọ́. Ó dákẹ́. Mo tẹ́tí.

Ohùn ọmọ náà jáde nínú rédíò mi, gbangba.

Karimot lọgun. Ìdè kékeré inú aago tí mo fi ẹ̀mú mú bọ́ sílẹ̀. Títí dòní mi ò rí i.

Ó kù kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí síídì. Àkọ́kọ́ jáde. Èkejì ń lọ díẹ̀díẹ̀. A gbọ́ ìpè Alaásárì. Karimot ń wo ojú káńpútà, ó ń bẹ̀ ẹ́, "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, ìyá mi, jọ̀ọ́." Fóònù rẹ̀ ń dún. Hùmúàní ni. Kò gbé e.

Ní Mile 12, wọ́n ti kírun tán. Junaid tan ọkọ̀. Hùmúàní dúró síwájú rẹ̀.

"Hajiya, haba! Ọ̀nà jìn!"

"Kí lo gbé tó ń jẹrà? Apẹ̀rẹ̀ òfìfo lo gbé!"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mo máa tún wá. Síídì lásán ni. Ọkọ yín á wò ó nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un bínú. Hùmúàní lọgun, gbogbo ọjà gbọ́.

"Kò ní wò ó! Ojú rẹ̀ ti lọ! Ọkọ mi ò ríran! Etí ló fẹ́ fi rí ọmọ rẹ̀, àwọn èèyàn ń bọ̀ nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀!"

 Ajarat ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó wá jókòó síwájú táyà. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ṣùkúrù ti ọmọlanke rẹ̀ wá síbẹ̀, ó fi dí ọ̀nà.  Junaid wò wọ́n, ó fọwọ́ bojú.

Ìgbà náà ni Karimot dé, síídì méjèèjì lókè orí rẹ̀. "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Wọ́n la ọ̀nà fún un.

Junaid nawọ́. Hùmúàní gbá ọwọ́ náà kúrò. "Kò ní lọ láìjẹ́ pé mo gbọ́ ọ."

"Wàyyó, Hajiya!"

Wọ́n kì í bọ pléèyà. Karimot fọwọ́ tẹ okùn pupa, ó tẹ okùn funfun, kí gbogbo èèyàn rí i pé méjèèjì wà nínú ihò. Labeebah la ẹnu.

Ohùn jáde.

Kò sẹ́ni tó pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Junaid fúnra rẹ̀ lọ pa ọkọ̀, ó padà wá dúró létí ìsọ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé ibi tí ọmọ náà ti sinmi. Lẹ́yìn náà ló gba síídì, ó fi aṣọ wé wọn, ó kì wọ́n bọ àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní òun ò ní sùn lé e. Wọ́n kó àpótí kúrò níwájú táyà. Ó lọ.

Ọjọ́bọ̀, Karimot ò lè ṣiṣẹ́. Ó ń bi mí bóyá ooru inú ọkọ̀ lè ba síídì jẹ́. Mo ní aago ni mo mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Hùmúàní sáré wọ ìsọ̀, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí ohùn rẹ̀ sókè.

"Máa sọ ọ́! Sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún mi!"

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Ṣé Karimot nìyẹn? Ẹ ṣé gan-an. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ibi tó ti mí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

Karimot ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, sà."

"Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Labeebah, ó sáré ní ibì kan. Kò fà á tó. Kó padà lọ kà á níwájú àlùfáà rẹ̀."

Hùmúàní bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ó gbọ́ ọ! Karimot, ó gbọ́ ọ! Ó tiẹ̀ rí àṣìṣe!"

Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń fò nínú ìsọ̀ tí kò gba ẹni méjì. Pákó mi ń mì. Mo di àwọn aago mi mú.

Nígbà tí Hùmúàní lọ, Karimot mú síídì ti tẹ́lẹ̀, èyí tí ohùn rẹ̀ kú lórí spíkà kan. Ó fi òwú sí i, ó so ó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ti ìsọ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà tí Hùmúàní gbé fún un lé orí, ó lọ sílé.

Iṣu sísè ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹyin díndín. Àlùbọ́sà inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹyin lọ.